Fìlà Kóòṣì Lẹ́sẹ̀ Òpó

Lọ́wọ́ ọ̀sán, tí ọjà bá ti dákẹ́, tí àwọn ọlọ́kadà bá ti wá ibi òjìji sùn sí lórí ọ̀kadà wọn, oorun a máa gbé mi lọ lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù mi l'Áyétòrò. Ẹ̀yà ara ọ̀kadà ni mò ń tà: ṣéènì, táyà, búréèkì, gílóòbù. Àárín wọn ni mo ti ń sùn. Kì í pẹ́ tí n ó fi máa gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì. Bọ́ọ̀lù ni, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń ta mọ́lẹ̀. N kì í mọ̀ bóyá láti pápá ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà lẹ́yìn ọjà ló ti ń bọ̀, tàbí inú orí èmi fúnra mi ló wà. Ara mi á fúyẹ́. Orókún tó ti ń dùn mí láti àárọ̀ á gbé jẹ́ẹ́. N ó rí ilẹ̀ pupa, n ó rí eruku ọyẹ́ tó bo ojú ọ̀run, n ó sì rí àwa ọmọbìnrin márùn-ún tí à ń sáré nínú eruku náà, tí ṣòkòtò funfun wa ti pọ́n dé orókún. Ibẹ̀ ni oníbàárà kan á ti kan tábìlì, á ní, "Ìyá, ẹ bá mi wá pílọ́ọ̀gì." Inú mi kì í dùn sí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan ló wá rà.

Mo ti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n rí, ẹ má wò mí báyìí. Básíkẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ayé ń pè é níhìn-ín. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, màmá mi, tó ń ta gaàrí láti Ayétòrò dé Ìlaró, bi mí léèrè pé kí ni ọmọ Mùsùlùmí ń fi ṣòkòtò wá láàárín pápá. Bàbá mi ló gbà mí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ṣòkòtò náà gùn dé kókósẹ̀, ìborí mi wà lórí mi, kí ló tún kù? Láti ọjọ́ náà, màmá mi gan-an ni wọ́n ń fọ ṣòkòtò náà, nítorí wọ́n ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ilẹ̀ pupa kúrò lára aṣọ.

Títí di òní, àwa tí a ti ṣeré rí fún ilé ẹ̀kọ́ náà máa ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi dóńgóyárò létí pápá. Ẹ̀gbọ́n wa ni alága, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó wà nínú ẹgbẹ́ tó ṣáájú tèmi. Ọ̀rẹ́ mi ará Ìpókíá máa ń wá, òun àti èmi la jọ ṣeré. Ó ga, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ìrẹsì ló ń tà báyìí, tó bá sì ti ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà ní òdìkejì bodè sọ Faransé lórí fóònù, gbogbo wa á dákẹ́, a ó máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Àwọn méjì tí wọ́n ṣeré lẹ́yìn wa náà máa ń yà. Iṣẹ́ wa níbẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. A ó máa wo àwọn ọmọ tó ń ṣeré lọ́wọ́, a ó sì máa fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ tó ti kọjá.

"Láyé tiwa," Ẹ̀gbọ́n á bẹ̀rẹ̀, "ilẹ̀ olókùúta ni pápá yìí. Tó o bá ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ níbí, ọ̀nà Ìgbógìlà ló máa gbà lọ."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Káfíńtà abúlé ló kan pátákó ìgbà náà, alágbẹ̀dẹ ló sì tẹ irin róbótó tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí. Nítorí òkúta ilẹ̀, ẹgbẹ́ Ẹ̀gbọ́n kọ́ láti má ṣe ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ rárá. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń jù ú, títí á fi dé ìdí òpó. Àwọn tó rí wọn ní ìwọ ò ní gbọ́ ìró kankan, àfi èémí.

"Ẹ ò sáré ni," n ó dáhùn. "Àwa la kọ́kọ́ sáré lórí pápá yìí."

"Ẹ sáré lóòótọ́. Ta ló ń lé yín?"

Báyìí la ṣe máa ń tú ara wa palẹ̀. Tó bá kan àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ẹnu wa á wá ṣọ̀kan. Wọ́n ti da sìmẹ́ǹtì sí pápá fún wọn, bọ́ọ̀lù wọn ń tẹ̀ lé wọn bí ajá, wọ́n ń tà á gba àárín ẹsẹ̀, wọ́n ń tà á gba ẹ̀yìn. A ó ní ijó ni wọ́n ń jó. Ẹ̀gbọ́n á wá pa á dé: "Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Gbogbo wa á mi orí.

Ká má parọ́, nínú ọkàn mi, kò sí ẹgbẹ́ tó tó tiwa. N kì í sọ ọ́ tán lójú Ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ tí mo bá dá wà, n ó tún rí ìrọ̀lẹ́ kan tí ọyẹ́ mú, tí òòrùn pọ́n róbótó lẹ́yìn igi tíìkì, tí ọ̀rẹ́ mi ará Ìpókíá ju bọ́ọ̀lù sí mi láti òkèèrè láìwojú mi. Ó mọ ibi tí n ó wà kí n tó débẹ̀. Mo fò, ilẹ̀ sì jìnnà sí mi fún ìgbà pípẹ́. Mi ò rántí bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán títí dòní, pé ẹlòmíràn ló ń ta ṣéènì ọ̀kadà lọ́jà.

Ilé ẹ̀kọ́ náà ní àṣà kan. Ẹgbẹ́ kan ti lọ sí ìdíje ìlú mìíràn rí, wọ́n sì lù wọ́n bí ẹní lu bàrà. Ojú ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ jáde lọ́dún kankan bí kò bá kọ́kọ́ bá àwa àgbà ṣeré, kí àwa wá sọ bóyá wọ́n tó tàbí wọn ò tó. Àwọn ọmọ kò ní láti borí wa. Kí àwa rí i pé ọwọ́ wọn mú ni. Fún ọdún méjì léra wọn ni a ti sọ pé wọn ò tó, inú wa ò sì bàjẹ́ púpọ̀ sí i.

Olórí ẹgbẹ́ tọ̀tẹ̀ yìí wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Ìgbógìlà ni, bàbá rẹ̀ ń dá oko ẹ̀gẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò níbi kan tó bá ti bà lé. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn táyà.

"Màmá, ọdún yìí ni mo máa parí."

"Mo mọ̀."

"Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti sọ fún wa pé bí ẹ bá tún ní a ò tó, àwọn á tú ẹgbẹ́ ká. Wọn ò ní kó òmíràn jọ mọ́." Ó fọwọ́ kan táyà kan. "Màmá, mi ò tíì wọkọ̀ lọ ṣeré níbì kankan rí. Orí pápá wa yìí nìkan ni. Mo kàn fẹ́ mọ bí a ṣe rí níbòmíràn ni."

Mo bi í bóyá ó fẹ́ ká purọ́ fún wọn ni. Ó ní rárá, kí a ṣáà wò wọ́n dáadáa ni. Mo ní kó dìde, eruku táyà ò dáa fún aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, oorun ọ̀sán ò gbé mi mọ́.

Ọjọ́ eré pé, ọyẹ́ sì ti wọlé. Afẹ́fẹ́ funfun báláú, òòrùn ò ju òṣùpá lọ, igi dóńgóyárò dà bí ohun tí ènìyàn ń wò gba inú omi. Àwa àgbà wọ ṣòkòtò wa, èyí tó gba ènìyàn àti èyí tí kò gba ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi ará Ìpókíá pa fóònù rẹ̀, ohun tí kì í ṣe. Kóòṣì àwọn ọmọ náà, ọmọ dáadáa kan báyìí tó mọ ọmọ ènìyàn í kí, dọ̀bálẹ̀ fún wa, ó wá yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀: "Ẹ fọ̀wọ̀ ṣeré o. Àwọn màmá yín nìyí." A ṣàdúrà fún un. Wọ́n fọn fèrè.

Ó yà mí lẹ́nu bí eré náà ṣe dùn tó. Bọ́ọ̀lù wá sọ́wọ́ mi, ó dúró síbẹ̀. Mo yí sọ́tùn-ún, ọ̀nà là fún mi. Mo jù ú, ó wọlé. Ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ gígùn rẹ̀ sókè, kò sẹ́ni tó dí i, ó wọlé. Ẹ̀gbọ́n alára, pẹ̀lú ọgọ́ta ọdún ó lé lórí wọn, gba bọ́ọ̀lù láàárín ọmọ mẹ́ta, wọ́n rọra jù ú, ó wọlé. Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú. Mo ní àbí, ṣé bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí? A kì í ṣẹgbẹ́ wọn. Orókún mi ò dùn mí, mo sì rí i bí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì náà ṣe ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí ilẹ̀ àtijọ́.

Ibi tí mo ti ń gbádùn ara mi báyìí ni mo ti rí ọwọ́ ọmọ náà.

Olórí ẹgbẹ́ ló ń ṣọ́ mi. Mo gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níwájú mi lọ́nà tí òpè pàápàá lè gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ ti jáde, ó ti dé ara bọ́ọ̀lù, ó ti kàn án. Ló bá fà á padà, ó sì wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ má bínú, mà." Kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Mo ju bọ́ọ̀lù náà, ó wọlé, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo wá wo ọ̀tún, mo wo òsì. Gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sáré dé ọ̀dọ̀ wa, ara wọn á wá rọ̀ bí ọmọ tó pàdé ìyá ọkọ lójú ọ̀nà. Wọ́n ń yà fún wa. Ọ̀nà tó ń là fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ló ń là á.

Ìdí nǹkan yìí ò jìnnà. Ta ló kọ́ ọmọ Yewa láti já nǹkan gbà lọ́wọ́ àgbà? Orí ìkúnlẹ̀ la ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ méjèèjì sì ni, àgbà ni yóò kọ́kọ́ nà án síni. Ó ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀ kí a tó mọ orúkọ ara wa. Ó ti wọ èmi náà lẹ́jẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fìlà. Kóòṣì tiwa jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń dé abẹtíajá aláwọ̀ ewé tí òòrùn ti pa dà. Ọjọ́ tí àwa náà bá Ẹ̀gbọ́n àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣeré, ọwọ́ wa kọ̀ báyìí gẹ́lẹ́. Ni kóòṣì bá dá eré dúró. Wọ́n rìn lọ sídìí òpó, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹní gbé ẹyin. Wọ́n ní, "Ọjọ́ orí mi wà nínú fìlà yìí. Ẹni tó bá ti wọ inú ìlà yìí, ẹgbẹ́ ni gbogbo wa títí fèrè á fi dún. Tí a bá jáde, n ó dé fìlà mi padà, ẹ ó sì kúnlẹ̀ kí mi." Wọ́n wọlé pẹ̀lú orí wọn tó pá, tó ń dán, wọ́n ní kí n wá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà bá tú gèlè, wọ́n kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà, eré sì tún bẹ̀rẹ̀, mo sì gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn náà.

Láti ọjọ́ náà ni fìlà náà ti ń jókòó lẹ́sẹ̀ òpó nígbàkígbà tí a bá ń ṣeré. Ohun tó sọ wá di ẹgbẹ́ ńlá nìyẹn, kì í ṣe eré sísá. Nígbà tí kóòṣì fẹ̀yìn tì, fìlà bá wọn lọ. Ìgbógìlà ni wọ́n sin wọ́n sí. Àwọn kóòṣì tó dé lẹ́yìn wọn wá láti òkèèrè, wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀, àwa tí a mọ̀ sì ti di ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún. Ìkúnlẹ̀ dùn mọ́ni.

Fèrè ìsinmi dún. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, à ń mí. Àwọn ọmọ náà dúró lódìkejì, wọ́n dorí kodò. Olórí wọn nìkan ló gbójú sókè, èmi ló sì ń wò.

"Ó ti hàn," Ẹ̀gbọ́n sọ. "Kí a má wulẹ̀ dá ara wa lágara. Wọn ò tó."

Mo mọ̀ pé tí mo bá panu mọ́, ó parí nìyẹn. Wọ́n á tú ẹgbẹ́ ká, ẹgbẹ́ mìíràn ò ní sí, tiwa á sì wà lókè títí láé, kò sẹ́ni tó máa débẹ̀. Inú mi fẹ́ ẹ. Ó wù mí gan-an ni. Mo fẹ́ máa sùn lọ́sàn-án láàárín àwọn táyà mi, kí n máa fò, kí n má sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò gbójú kúrò lára mi, ọwọ́ tó fà sẹ́yìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká a kò bí ẹni tí ọwọ́ ń dùn.

Mo dìde. Mo bọ́ ìpèlé èjìká mi. Mo rìn lọ sídìí òpó, mo ká a, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ará Ìpókíá rí mi. Ó ń bọ̀ tẹ̀lé mi, ó ń tú aago ọwọ́ rẹ̀. Àwọn méjì tó kù wò wá bí ẹni pé a ti ya wèrè, ṣùgbọ́n àwọn náà bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Ó wá ku Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ojú wọn ò sí lára wa, ó wà lára òpó yẹn, n ò sì mọ iye ọdún tí ojú náà fi ń rìn padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú gèlè wọn. Irun wọn funfun lábẹ́ rẹ̀ bí òwú, èmi ò sì mọ̀ pé ó ti funfun tó bẹ́ẹ̀.

Mo pe àwọn ọmọ náà jọ. Mo sọ ti fìlà fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ níbí yìí. Mo ní, "Ọjọ́ orí wa ló wà nílẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá yà fún wa nínú ìlà yìí, ó ti bú wa." Kóòṣì wọn fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kó dákẹ́, kó wá bọ́ fìlà tirẹ̀ náà.

Fèrè dún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì ń wo ojú ara wọn. Bọ́ọ̀lù wá sọ́wọ́ mi. Olórí ẹgbẹ́ dúró níwájú mi. Mo ta á mọ́lẹ̀, gbì, mo tún ta á, gbì, mo ń retí ìró kẹta, mi ò gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi lọ sílẹ̀, kò bá nǹkan kan. Nígbà tí n ó fi yíjú, ọmọ náà ti dé òdìkejì, ó ti fò, ó sì wà lókè níbẹ̀ nínú ọyẹ́ funfun yẹn, pẹ́ títí.

Ẹ jẹ́ kí n má fi gígùn sú yín. Wọ́n fọ́ wa. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa níwájú, wọ́n gbà á lẹ́yìn. Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n láti máa ta á mọ́lẹ̀, wọ́n ń jù ú láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò kan ilẹ̀, kò dún, mo sì gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n fa èémí sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ń sáré ju bí a ṣe sáré lọ. Mo ń wá ibì kan tí a ti jù wọ́n lọ, mi ò rí i. Ó dùn mí, ó dùn mí dé ọkàn, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.

Ó parí. Ẹ̀gbọ́n ò tilẹ̀ pe ìpàdé. Wọ́n na ọwọ́ sí kóòṣì àwọn ọmọ náà, wọ́n ní, "Ẹ lọ wá ọkọ̀." Àwọn ọmọ náà kígbe, wọ́n gbé olórí wọn, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n tún gbé e.

Èmi dúró láàárín pápá, mò ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n wá dúró tì mí. Wọn ò tíì wé gèlè wọn padà.

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" mo bi wọ́n. "Lọ́jọ́ tí mo gbà á lọ́wọ́ yín, ṣé bó ṣe rí lára yín nìyẹn?"

"Bó ṣe rí nìyẹn," wọ́n ní. "Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dúró kí ẹnìkan wá gbà á lọ́wọ́ ìwọ náà."

Ọmọ náà ń bọ̀ láti ìdí òpó. Nígbà tó ré ìlà kọjá, tó bọ́ síta pápá, ó dúró, ó ń retí mi. Mo bá a níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìpèlé mi fún mi. Mo gbà á, mo fi kọ́ èjìká, orókún mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.